A Kì í Fín Igi Tí A Kò Tíì Lé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn, tí mo sì tún kọ fún kíkà

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tí ó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìfaradà, kí n gba òǹkọ̀wé níyànjú kí iṣẹ́ má baà sú u nígbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ bá rí wúruwùru lójú ara rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé n kò ní pa òwe ìkòkò tí yóò jẹ ata fún yín. Ẹ ti gbọ́ ọ títí, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni parí orí kẹrin ìwé rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe olóòtú ìwé ní àdúgbò Jẹ́ríkọ̀ níhìn-ín, kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn òǹkọ̀wé tí mo rí tí wọ́n pa iṣẹ́ tì kì í ṣe ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ ju àwọn tí ó parí ìwé lọ. Ohun tí ó dá wọn dúró ni pé iṣẹ́ tí kò tíì kàn ni wọ́n ń ṣe, nígbà tí iṣẹ́ tí ó kàn wà nílẹ̀ tí kò rí ẹni gbé e.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń bú ẹnìkan, ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan nípa ìdílé aláró kan nítòsí Ọjà'ba. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ orí kìíní, oṣù mọ́kànlá ni mo sì fi tún un ṣe. Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo fi àmì ohùn sí gbogbo ibi tí ó yẹ, mo wá òwe tí ó wọ̀ ọ́, mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sókè títí ìyàwó mi fi mọ̀ ọ́n sórí láìfẹ́. Ìgbà tí mo fi agbára káká dé orí kẹfà ni mo tó rí i pé ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí kò yọjú rárá ní orí kìíní àti ìkejì. Orí kẹta ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Orí kìíní tí mo fi oṣù mọ́kànlá ṣe lóge kò ní ibi tí yóò jókòó sí nínú ìwé náà, ẹwà rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n lè yọ ọ́, àìlèyọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìwé náà parí. Ó wà nínú àpótí kan nílé mi títí di òní, àyàfi ibi tí ikán ti jẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ni mo ti wá rí orúkọ fún àṣìṣe mi. Fádà Kevin Carroll, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ní orúkọ tiwọn fún. Ìpele kìíní ni lílé: agbẹ́gi a máa fi àáké bẹ́ ohun tí kì í ṣe ère kúrò lára igi, títí a ó fi mọ ibi tí orí yóò wà, ibi tí ikùn yóò wà, àti ibi tí ẹsẹ̀ yóò dúró sí. Ìkejì ni àlétúnlé, tí a ó tún pín àwọn ìṣù ńláńlá wọ̀nyẹn sí kéékèèké, tí etí yóò yà lára orí, tí apá yóò yà lára ìhà. Ìkẹta ni dídán, tí a ń mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni fínfín, tí a ó fi ọ̀bẹ mímú gé ilà ojú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ọnà ara aṣọ.

Ẹ wo bí ètò yìí ṣe le tó. Orí ère Yorùbá máa ń tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe tóbi sí ara rẹ̀ lọ, agbẹ́gi sì ní láti fi igi tí ó tó sílẹ̀ fún un láti ìgbà lílé. Bí ó bá bẹ́ ẹ jù níbẹ̀, kò sí ọnà tí ó lè fín lẹ́yìn náà tí yóò dá igi padà sí orí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fín ilà sí ojú kí ó tó mọ ibi tí ọrùn yóò wà, ọ̀kan nínú méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i: yóò fi àáké bẹ́ iṣẹ́ dáradára dànù, tàbí kí ó máa ṣọ́ ilà náà kiri, kí ó sì gbẹ́ ère tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Ohun tí mo ṣe sí orí kìíní mi nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí òǹkọ̀wé bá gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wá tí ó ń sọ pé ó burú, mo máa ń bi í pé kí ni ó fi wé. Ìwé tí ó rà ní Dùgbẹ̀ ni ó fi wé, ìwé tí olóòtú ti kà, tí wọ́n ti dá padà fún ẹni tí ó kọ ọ́, tí ẹlòmíràn ti tún yẹ̀ wò fún àṣìtẹ̀. Ère tí wọ́n ti fín ni ó gbé síwájú, ó ń fi igi wé e, ó wá ń bínú sí igi pé kò ní imú. Nínú gbogbo ìwé àfọwọ́kọ tí ó gba ọwọ́ mi kọjá, n kò rí ẹyọ kan tí a tẹ̀ bí ó ṣe wọlé. Àwọn kan tí ẹ ń kà nílé ẹ̀kọ́ lónìí dé ọ̀dọ̀ wa tí orúkọ akọni inú wọn yí padà láàárín orí méjì láìsí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èmi a máa fi òwe yìí ro ìwé kíkọ lọ́nà kan. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹyin rẹ̀ ti ń balẹ̀ bí ó ṣe ń la ẹnu. Ti òǹkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gbé e síhìn-ín, kí ó gbé e sọ́hùn-ún, kí ó yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ìtìjú tí ó ń ti í pé ẹyin náà rí págunpàgun kò nídìí, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i.

Báwo wá ni a ṣe ń lé ìwé? Ibí yìí ni n ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín ti ń fò kọjá. Ẹ kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá kà á lọ́jọ́ kejì tí ẹ parí rẹ̀, ohun tí ó wà lọ́kàn yín ni ẹ ó máa kà, ẹ kò ní rí ohun tí ó wà lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àwọn onítẹ̀wé kéékèèké ní Mọ́kọ́lá àti Àgbowó yóò tẹ̀ ẹ́ fún yín, owó ibẹ̀ kì í sì í dùn mí láti san, nítorí ojú a máa rí lórí bébà ohun tí ó ti fò kọjá lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmú bírò lọ́wọ́. Mo tún un sọ: láìmú bírò lọ́wọ́. Bí bírò bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí àmì ohùn tí ó ṣì, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fín igi.

Bí ẹ bá kà á tán, ẹ mú ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan péré sórí rẹ̀ fún orí kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ń fẹ́ kí ni níbẹ̀, kí sì ni ó yàtọ̀ nígbà tí orí náà parí? Orí tí ẹ kò bá lè rí gbólóhùn kọ fún, ẹ má tíì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe. Olùkọ́bìnrin kan gbé ìtàn tí ó ní orí mọ́kàndínlógún wá bá mi nígbà kan, ó ti ń tún un ṣe fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́ jó o níná. A jókòó, a kọ gbólóhùn mọ́kàndínlógún náà. Orí keje, orí kẹjọ àti orí kejìlá ń sọ ohun kan náà: ìyá ọkọ bínú, ìyàwó dákẹ́, ọkọ jáde nílé. Ìjà kan ṣoṣo ni ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tí ó kọ gbẹ̀yìn ni ó sì dára jù. Ó rẹ́rìn-ín, omi tún bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yọ méjì. Ohun tí ó pè ní ọ̀lẹ ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gba wákàtí méjì péré lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ó ti mọ iṣẹ́ tí ó kàn.

Chinua Achebe, tí ó kàwé ní yunifásítì wa níhìn-ín láti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1948 títí di 1953, mọ irú iṣẹ́ yìí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1958, ìtàn ìran mẹ́ta ni ó fẹ́ fi sínú rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó gbé e dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1956 nígbà tí ó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ BBC. Ẹnìkan tí ó kà á níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fẹ́ fi han àwọn òǹtẹ̀wé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Achebe ní ó di ìgbà tí òun bá tún un ṣe. Nígbà tí ó padà dé ilé, ó yọ ìran tí ó kù kúrò, ó fi ti ìran kìíní nìkan sílẹ̀, ó sì fún un ní àyè tí ó tó o. Ìwé mìíràn ni ó fi ìtàn ọmọ-ọmọ náà ṣe, èyí tí ó jáde ní 1960. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n ti yìn, tí ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé ti là fún, tí ó tún gbé àáké. Èmi ìbá ti fi ìwé náà sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí ẹ bá yọ, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ ní fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, tàbí àpò ìwé kan, tí ẹ ó máa kó o sí. Ìdí kìíní ni pé ọwọ́ kì í gbọ̀n láti gé ohun tí ó mọ̀ pé òun ṣì lè padà rí. Ìdí kejì wà nínú ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí wọ́n bí ní Hastings ní Sàró ní 1846, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn wa yìí, tí ó sì ṣe olùkọ́ àti kátíkíìsì ní Arẹ̀mọ kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó tún odindi ìtàn náà kọ, láti inú àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké àti ìwé àkọ́kọ́ tí kò dán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ó tún fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó kúrò ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, Obadiah pàápàá ti kú ní 1920.

Ìfaradà ni àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni, wọn kò sì purọ́. Ohun tí èmi máa ń wò níbẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ. Ìwé tí ó dán ni ó sọnù. Èyí tí ó rí wúruwùru ni ó gbà á là. Bí Àlùfáà Johnson bá ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ dáná nítorí pé ó tijú rẹ̀, kí ni àbúrò rẹ̀ ìbá fi kọ̀wé?

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí àlétúnlé ṣe rí nínú gbólóhùn kan, kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ti igi nìkan. Èyí ni gbólóhùn kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣẹ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú: “Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àníkẹ́, ẹni tí ó jẹ́ olóúnjẹ ní Dùgbẹ̀, wà nínú ìbànújẹ́ tí ó pọ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ.” Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fín in yóò yí “mú gan-an” sí “mú ganrínganrín”, yóò fi òwe kan kún ìbànújẹ́ náà, yóò sì rò pé òun ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá tún un lé yóò béèrè ohun tí Àníkẹ́ ń ṣe lọ́wọ́. Ó lè wá kọ ọ́ báyìí: “Àwo mẹ́ta ni Àníkẹ́ ṣì ń kó kalẹ̀ lálẹ́ bí ó bá ti Dùgbẹ̀ dé, kí ó tó rántí, kí ó sì dá ọ̀kan padà.” Oòrùn ti lọ, ìbànújẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ lórúkọ, àmọ́ a ti mọ̀ pé ẹnìkan lọ, a sì mọ̀ pé ọmọ kan wà nílé. Àyẹ̀wò gírámà kankan kò lè múni dé ibẹ̀. Ó gbà kí òǹkọ̀wé gbà láti má fẹ́ràn ohun tí kò ní àṣìṣe, èyí tí ó nira púpọ̀ fún àwa tí tíṣà ti fi pátánkó kọ́ ní gírámà.

Ìpele yìí gan-an, àlétúnlé, ni ọkàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì jù. Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlá ìwé náà ṣì ń gbé wa fò. Ní àlétúnlé, ìwé náà kò jọ àlá mọ́, kò sì tíì jọ ìwé. Orí ti wà, ojú kò sí. Nígbà tí ọjọ́ bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe ṣèlérí orí kan fún ara yín, ojú ìwé méjì ti tó, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró nígbà tí ẹ ṣì mọ ohun tí ó kàn, kí ọ̀la lè rí ibi tí yóò ti mú un. Ìwà kékeré yìí ti bá mi parí iṣẹ́ ju ìwúrí èyíkéyìí lọ.

Dídán jẹ́ iṣẹ́ etí. Yorùbá tí a kò bá kà sókè kò tíì di Yorùbá, nítorí ohùn ni ó ń gbé e. Gbólóhùn tí ẹ bá ní láti gba èémí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó kà á parí, ẹ gé e. Ẹ tún fetí sí àwọn ẹ̀dá ìtàn yín bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ti ka ìyá aláta ní Ọjẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò, tí ó ń sọ pé “èyí tí ó jẹ́ wí pé” nígbà tí ó ń bá oníbàárà jà. Gbogbo wa tí a ń gbé ìlú yìí mọ bí ìyá Ìbàdàn ṣe máa ń pe “ṣ” bí “s” nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sáà jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ pinnu rẹ̀. Òwe náà ńkọ́? Bí ìtàn yín bá ní òwe méjì lójú ìwé kan, ẹ yọ èyí tí ó dùn mọ́ yín jù. Òun ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀ nítorí yín.

Lórí fínfín, n kò ní pẹ́. Àmì ohùn, sípẹ́lì, bí a ti ń pín ọ̀rọ̀: ẹ tẹ̀lé ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, kí ẹ má ṣe kọ “aiye” àti “enia” bí àwọn bàbá wa ti kọ ọ́, àyàfi bí ẹ bá ń fa ọ̀rọ̀ wọn yọ. Iṣẹ́ pàtàkì ni, olóòtú yóò sì bá yín ṣe nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí ohun mìíràn láti ṣe sí ìwé náà mọ́ ni ọjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí alága fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn dìde, ó ní ẹni mẹ́ta ni òun ti fún ní ìwé òun kà, ọ̀rẹ́ òun ni gbogbo wọn, gbogbo wọn sì sọ pé ó dára, ta ni kí òun tún fún? Mo bi í bóyá ó ní ìyá àgbà tàbí àǹtí kan tí kò bìkítà fún ìwé. Ó ní àǹtí òun ń ta ẹ̀wà nítòsí Ọjẹ́. Mo ní kí ó lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà fún ti ọjọ́ kejì, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó ka orí kìíní sókè fún wọn, kí ó má sì béèrè ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbójú sókè láti kí ẹni tí ń kọjá lọ, kí ó fi bírò sàmì síbẹ̀.